Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹrù Tírélà: Ọkọ̀ Yìí Gan-an Lẹ Gbà Ni, àbí Kí Ẹrù Ṣáà Ti Dé?

Ẹ̀kọ́ wa lónìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀. Ti ẹrù ni, àti ti ọkọ̀ tó ń gbé e. Ìdí tí a fi mú un ni pé nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá síwájú àwọn àgbà wa ní Kano níbí, bí a bá yọ ẹjọ́ ogún kúrò, èyí tó ń tú ọ̀rẹ́ ká jù ni ẹjọ́ ẹrù tí kò dé, tàbí tó dé ní ìlàjì, tàbí tó dé nígbà tó ti jẹrà tán. Ẹni méjì tó jọ ń kírun nínú sàfú kan náà yóò di ẹni tí kò kí ara wọn mọ́, nítorí ọ̀ọ́dúnrún àpò àgbàdo. Bí a bá sì wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, kì í sábà jẹ́ pé ẹnì kan jalè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn kò bá ara wọn sọ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń wí. Tírélà pẹrẹsẹ ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ bí ẹní, tí kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sì ní òrùlé. Òun ló ń gbé kọ̀ǹténà, ọ̀pá irin ìkọ́lé, jẹnẹrétọ̀ ńláńlá, igi gẹdú àti sìmẹ́ńtì. Ó yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n fi irin àti pákó ṣe ògiri fún, tí màálù lè dúró nínú rẹ̀. Àǹfààní tirẹ̀ ni pé a lè gbé ẹrù lé e láti ọ̀tún, láti òsì, àti láti òkè. Wàhálà rẹ̀ náà ni pé kò sí ohun tó di ẹrù mú níbẹ̀ ju okùn, ẹ̀wọ̀n, àti làákàyè ẹni tó so ó lọ.

Láti Èkó dé Kano tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà (1,000). Ọkọ̀ tó gbé kọ̀ǹténà wá láti Àpápá kò ṣòro fún olówó rẹ̀ ní wíwá, ìpadàbọ̀ ló ń pa á. Kọ̀ǹténà kì í ṣe ti ẹni tó kó ọjà wọlé, ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní iye, bí ó bá sì kọjá, owó ń gorí owó lójoojúmọ́. Nítorí náà ọ̀pọ̀ tírélà pẹrẹsẹ ló ń gbé kọ̀ǹténà òfìfo padà sí Èkó, tí olówó ọkọ̀ ń sun dísẹ́ẹ̀lì lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tó gbọ́n á ti wá ẹni tí yóò di yánmọtí, ìṣápá, atalẹ̀ tàbí awọ sínú rẹ̀ fún òkè òkun. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté orí ilẹ̀ ti Kaduna ní oṣù kìíní 2018, àti ti Dala ní Kano níbí ní oṣù kìíní 2023, ó yẹ kí àwọn tó ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa béèrè níbẹ̀ kí wọ́n tó sáré lọ sí Èkó.

Bí kì í bá ṣe ti kọ̀ǹténà, inú ọjà la ti ń wá ẹrù. Dawanau ni fún àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà, sóyà àti yánmọtí. 'Yan Kaba ni fún tòmátò àti ata. Kofar Ruwa ni fún irin. Bompai, Sharada àti Challawa ni fún ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe. Láàárín ẹlẹ́rù àti ọlọ́kọ̀ ni dìlálì wà. A mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa máa ń bú dìlálì, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, ó kàn ń jẹ lórí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ẹni tó lẹ́rù lónìí, tó sì mọ ẹni tí yóò ní in lọ́túnla, ohun tó ń tà nìyẹn, ó sì tọ́ kó gba owó rẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni ẹrù orí ahọ́n: kí ó ṣèlérí ẹrù kan náà fún ọkọ̀ mẹ́ta, kí ọkọ̀ méjì máa sùn sí gáréèjì títí ọjọ́ kẹrin. Ẹ ní kí ó mú yín dé ibi tí àpò wà, kí ẹ fojú rí i, kí ẹ sì gbọ́ ọjọ́ ìkórùú lẹ́nu ẹlẹ́rù fúnra rẹ̀. Ẹ tún béèrè ẹni tí yóò san owó dìlálì, nítorí a ti rí i tí ó gbà lọ́wọ́ ọ̀tún, tó tún gbà lọ́wọ́ òsì, tí ọ̀tún kò mọ̀ nípa òsì.

Àkókò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, nígbà tí irè ti oko dé, ẹrù pọ̀ ju ọkọ̀ lọ ní Dawanau, ọlọ́kọ̀ ló ń pe owó. Nígbà tí òjò bá dé gan-an, ẹlẹ́rù ló ń pè é. Ẹni tó bá ṣe àdéhùn owó ọkọ̀ ọdún kan pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ láì ronú sí èyí yóò kérora ní ìdajì ọdún, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́ nínú àwọn méjèèjì.

Kí ẹlẹ́rù náà mọ ọkọ̀ tó ń gbà. Àwọn gbájú-ẹ̀ wà tí wọ́n ń fi nọ́ńbà èké sára ọkọ̀, tí wọ́n á kó ẹrù, tí wọn ò ní dé ibikíbi. Ẹ ya fọ́tò iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo ìwé ọkọ̀ mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀, ẹ pe olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lórí fóònù, ẹ má sì gba ọkọ̀ tí ẹnì kankan ní gáréèjì kò lè dúró fún.

Ìwọ̀n ni ó tẹ̀lé e. Àpò ọkà kìlógíráàmù ọgọ́rùn-ún (100), mẹ́wàá ni tọ́ọ̀nù kan. Àpò sìmẹ́ńtì kìlógíráàmù 50, ogún ni tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà àpò 600 jẹ́ tọ́ọ̀nù 30, àpò 900 sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 45. Ti ọ̀pá irin ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀pá mílímítà 12 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún tàbí mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún (93 tàbí 94) ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan, bí irin náà bá pé ní ìwọ̀n. Ti mílímítà 16 jẹ́ 52 tàbí 53. Irin tí kò pé ní ìwọ̀n yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kọ "tọ́ọ̀nù mẹ́wàá" sínú ìwé ẹrù, tí ẹni tó gbà á ní ìsàlẹ̀ bá ka ọ̀pá, ìjà dé nìyẹn, orí awakọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò sì wó lé. Iye ọ̀pá ni kí ẹ kọ, kí ẹni tó ń kó o sókè àti ẹni tó ń kó o sílẹ̀ jọ kà á.

Ní ti síso ẹrù, kò sí ohun tó yẹ ká fi ṣeré níbẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹténà ló ní ihò, tírélà sì ní irin tó ń wọ inú ihò náà, tí wọ́n á yí láti fi tì í. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ wà ní títì. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, kọ̀ǹténà já láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba ní Èkó sórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, ènìyàn mẹ́ta kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2023, ní Ojúẹlẹ́gba yìí kan náà, kọ̀ǹténà mìíràn wó lu bọ́ọ̀sì akérò, ènìyàn mẹ́sàn-án ló bá a lọ. Kí olówó ẹrù má ṣe sọ pé ti awakọ̀ ni. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín yí ọkọ̀ náà ká kí ó tó jáde, ẹ fọwọ́ kan irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá jẹ́ àpò ni wọ́n kó sórí pẹrẹsẹ, kí wọ́n tò ó ní dídì wọnú ara wọn bí ẹni mọ bíríkì, kí okùn kọjá lórí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, kí tapólì bò ó dé ìsàlẹ̀. Kí awakọ̀ sì dúró lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ láti tún okùn fà, nítorí ẹrù máa ń jókòó sílẹ̀, okùn á sì dẹ̀.

Ní báyìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó kéwú láàárín wa mọ Risálà, ìwé tí Ibn Abi Zayd kọ, aráa Qayrawan ní ilẹ̀ Tùnísíà, ẹni tó kú ní ọdún 386 Hijra, èyí tí í ṣe 996. Inú rẹ̀ ni púpọ̀ wa ti kọ́ àlùwàlá àti ìrun. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ọmọ kéwú máa ń pa ìwé náà dé kí wọ́n tó dé ibi òwò, bẹ́ẹ̀ sì ni òwò la jókòó tì ní ilẹ̀ yìí. Nínú orí tó dá lórí òwò àti yíyá nǹkan lò, ó sọ̀rọ̀ ẹni tó yá ẹran ìrìnnà lọ sí ìlú kan. Bí ó bá jẹ́ ẹran kan pàtó ni wọ́n fọwọ́ sí, "èyí gan-an," tí ẹran náà wá kú lójú ọ̀nà, àdéhùn ti tú ní ti ọ̀nà tó kù: ẹni tó yá a yóò san ti ibi tí wọ́n rìn dé, kálukú á sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìgbérù ni olówó ẹran gbà sọ́rùn, láì so ó mọ́ ẹran kan, tí èyí tó mú wá bá kú, ó di dandan kó mú òmíràn wá.

Ẹ fi tírélà sí ipò ẹran yẹn. Ká ní ọ̀ọ́dúnrún àpò àgbàdo ń lọ láti Dawanau sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, owó ọkọ̀ jẹ́ ₦1,200,000. Ní ìdajì ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́, kò sì ní ṣe é tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ mìíràn gbà láti gbé e parí ní ₦800,000, nítorí ó mọ̀ pé ẹ wà nínú ìṣòro. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ yìí gan-an lẹ gbà, ẹlẹ́rù yóò san ₦600,000 fún ọkọ̀ àkọ́kọ́, yóò tún wá ọkọ̀ kejì fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦1,400,000. Bí ó bá jẹ́ kí ẹrù dé ni àdéhùn, ₦1,200,000 náà ni yóò san, olówó ọkọ̀ ni yóò wá ọkọ̀ kejì, tí ₦400,000 yóò sì kù sí i lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì kan náà, ọ̀nà kan náà, àpò kan náà, ₦200,000 ti yí ọwọ́ padà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọn ò sọ. Bí wọn kò bá sì sọ ọ́ ní Dawanau, olúkúlùkù yóò sọ èyí tó gbè é nígbà tí ọkọ̀ bá ti dúró sínú igbó.

Ewo ló dára jù? Bí ohun tí ẹ gbé bá jẹ́ tòmátò, ata tàbí àlùbọ́sà, kò yẹ kí ẹ gba "ọkọ̀ yìí" láéláé. Ẹni tó jókòó sí Kano kò lè wá ọkọ̀ mìíràn ní Tẹ́gínà lóru, ṣùgbọ́n olówó ọkọ̀ ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ń rìn lójú ọ̀nà. Yóò béèrè owó díẹ̀ sí i nítorí ẹrù tó gbà sọ́rùn yìí, ẹ fún un, ó tọ́ sí i. Irin àti sìmẹ́ńtì tí tapólì bò dáadáa lè dúró díẹ̀, ẹ lè gba ọkọ̀ pàtó ní owó tó dín. Ti kọ̀ǹténà ní ìdíwọ́ tirẹ̀: láti gbé e kúrò lórí pẹrẹsẹ kan sórí òmíràn, kírénì ni. Olówó ọkọ̀ tó ní "ẹrù yóò dé" nígbà tí kò mọ ibi tí kírénì wà láàárín Kaduna sí Ìlọrin, ẹnu lásán ló fi ń wí.

Ẹ̀kejì ni ta ni yóò ru àdánù bí ẹrù bá sọnù tàbí tó bàjẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé Imam Malik, ẹni tó ń gbé ẹrù fún owó, àmánà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní san án padà àfi bó bá ṣe àìbìkítà tàbí tó rú àdéhùn. Wọ́n yọ oúnjẹ sọ́tọ̀. Ẹni tó gbé oúnjẹ yóò san án, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ó ṣègbé láì sí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọwọ́ ènìyàn máa ń yá sí oúnjẹ. Bí olówó oúnjẹ tàbí ẹni tó rán bá sì bá ẹrù rìn, ti ẹni tó gbé e ti fúyẹ́, torí ojú olówó ńbẹ lára ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ kan fi máa ń rọ̀ yín pé kí ẹ fi ọmọ kan tẹ̀lé ọkọ̀. Bí ẹ óò bá fi ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e, inú orí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni kó jókòó sí. À ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sùn lórí àpò lókè tírélà láti Kano títí dé Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ bá ṣubú, àwọn ni àpò máa ń kọ́kọ́ wó lù. Kò sí àpò ẹ̀wà tó tó ọmọ.

Ẹ kọ ohun tí ẹ óò pè ní àìbìkítà sílẹ̀: tapólì tó ti fà ya nígbà òjò, awakọ̀ tó tún kó ẹrù ẹlòmíràn tàbí èrò lójú ọ̀nà, ọkọ̀ tó yà lọ sí ìlú tí kò sí nínú àdéhùn. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo lówó lè wá tàkáfúlù pẹ̀lú, nítorí àjọ tó ń darí ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà ti fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ láti 2013.

Àwọn ohun kan wà tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹlẹ́rù tàbí ti ọlọ́kọ̀. Ní ìparí oṣù kejì 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màálù dá ẹrù tó ń lọ sí ìhà gúúsù dúró, ọkọ̀ tò sí Jẹ́bà, ó di oṣù kẹta kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Àwọn tó gbé àlùbọ́sà àti tòmátò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2025, omíyalé pa ènìyàn púpọ̀ ní Mọ́kwá, ó sì ba ọ̀nà àti afárá jẹ́ lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ wa ń gbà. Ìhà Birnin Gwari ni àwọn agbébọn ti dà láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn awakọ̀ fi ń yí gba Abuja àti Lọ́kọ́ja, tí ọ̀nà sì ń gùn sí i. Ẹ sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀nyí náà: ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ yóò fi dúró láì gba owó kún un? Lẹ́yìn ìyẹn, èló ni ọjọ́ kan? Ta ni yóò pàṣẹ pé kí ọkọ̀ yí padà tàbí kí wọ́n tà níbẹ̀?

Ní ti owó sísan, Risálà sọ nípa ọkọ̀ ojú omi pé owó kò tọ́ sí olówó rẹ̀ àfi bó bá dé. Ti ẹran sì ni pé kí á ṣírò ọ̀nà. Àṣà ọjà wa wà láàárín méjèèjì: apá kan ní ìkórùú, ìyókù ní ìsọrùkalẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ti àkọ́kọ́ má ju ohun tí dísẹ́ẹ̀lì àti owó ọ̀nà yóò gbà lọ. Awakọ̀ tó ti gba gbogbo owó ní Kano, kí ni yóò mú un sáré? Bákan náà, ẹ má jẹ́ kó jáde pẹ̀lú àpò òfìfo. Nígbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn awakọ̀ tó ní owó ní báńkì ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nítorí wọn kò rí èyí tí wọ́n máa fọwọ́ kà.

Ìyókù owó tó kù sílẹ̀ yẹn, gbèsè ni. Àyà tó gùn jù nínú Al-Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé nígba (282) nínú Súrà Bàkárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ló dá lé. Òwò tí a ṣe lójú ẹsẹ̀, tí ọjà àti owó pàdé, àyà náà gbà kí á má kọ ọ́. Ẹrù tó ń lọ sí Ìbàdàn kì í ṣe ti ojú ẹsẹ̀. Àwọn kan á ní, "Alhaji, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Ẹ fi ẹ̀rín dá a lóhùn, kí ẹ sì fa bírò yọ.

Ìwé náà kò gbọdọ̀ gùn, kí awakọ̀ lè kà á tàbí kí ẹnì kan kà á fún un ní Hausa. Orúkọ ẹlẹ́rù, ti olówó ọkọ̀ àti ti awakọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà ọkọ̀. Irú ẹrù, iye àpò tàbí iye ọ̀pá, bí ó ṣe rí nígbà tí wọ́n kó o. Ibi tó ti gbéra, ibi tó ń lọ, ọ̀nà tí yóò gbà. Owó, èyí tó san, èyí tó kù, ẹni tí yóò san án ní ìsàlẹ̀. Iye ọjọ́ ìdúró. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ní ìlà kan tó dá dúró, ẹ kọ ọ̀kan nínú méjì: "Ọkọ̀ yìí gan-an ni mo gbà," tàbí "Ẹrù gbọ́dọ̀ dé, ọkọ̀ yòówù kó gbé e." Kí àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹlẹ́rìí méjì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀dà mẹ́ta ni: ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlẹ́rù, ọ̀kan lọ́wọ́ olówó ọkọ̀, ìkẹta lọ́wọ́ awakọ̀, nínú ọ̀rá, kí òjò má bàa pa á.